Ilé Alájẹṣẹ́kù: Ta Ni Àbúrò Yín?

Ìbéèrè kan délẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọ̀dọ̀ ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n rí fúláàtì oníyàrá kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Jackson Heights, ní Queens, níhìn-ín ní New York. Àdúgbò náà dákẹ́ rọ́rọ́, igi wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọgbà wà láàrin ilé, ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 7 kò sì jìnnà. Owó tí wọ́n dá lé e kò ga jù. Wọ́n ní, "Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ṣé ká rà á?" Inú wa dùn pé wọ́n béèrè kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, nítorí pé àwa ò bi ẹnikẹ́ni nígbà tiwa.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé co-op ni. Ẹni tó ra co-op kò ra ògiri, kò sì ra ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yẹn ni ẹ máa rà, wọ́n á wá fún yín ní ìwé àdéhùn tó fún yín láṣẹ láti máa gbé fúláàtì kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa, alájẹṣẹ́kù ni. Ọdún 1935 ni ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ní New York níhìn-ín, àwọn tó ṣí wá láti Finland da owó pọ̀ ní ọdún 1916, wọ́n kọ́ ilé alájẹṣẹ́kù kan ní Sunset Park, ní Brooklyn. Alku ni wọ́n pè é, ìyẹn "ìbẹ̀rẹ̀" ní èdè wọn. Àjèjì bíi tiwa ni wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni owó. Yàtọ̀ sí owó báńkì, ẹ ó máa san owó ìtọ́jú ilé lóṣooṣù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí ilé, omi, ẹ̀rọ amúlémóoru, owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, àti gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá jẹ báńkì. Bí òrùlé bá ń jò, gbogbo yín lẹ máa tún un ṣe. Nítorí náà, fúláàtì tó dà bíi pé kò wọ́n lè wọ́n tó bá yá. Ká sọ pé báńkì ń gba $1,400 lóṣù, tí owó ìtọ́jú sì jẹ́ $900. $2,300 lẹ ń san yẹn, iná kò tíì sí nínú rẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà yín gba ìwé ìṣirò owó ilé náà ti ọdún méjì sẹ́yìn, kó sì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn. Ibẹ̀ ni aṣọ ìdọ̀tí wà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ ilé. Wọ́n á wo ìwé báńkì yín, ìwé owó orí, ìwé ibi iṣẹ́, wọ́n á sì pè yín jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, ẹ gbọ́ o: bí àjọ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ẹ kó o sí báńkì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á béèrè ibi tó ti wá. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù ìjókòó yẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ Jackson Heights, wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tàbí Júù gbé ibẹ̀. Òfin ọdún 1968 ti ka irú ìyẹn léèwọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ní 1988 wọ́n sì fi ìdílé tó ní ọmọ kékeré kún àwọn tí òfin dáàbò bò.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ tiwa. Nígbà tí a ra co-op wa, owó la kà, a ò ka ìwé. Ìyá wa wá láti Iléṣà, wọ́n lo oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, àbúrò wa wá kàwé. Pálọ̀ ló ń sùn. Oṣù kejì ni lẹ́tà dé: ta nìyẹn? A ní àbúrò wa ni. Wọ́n ní, ìyá kan náà, bàbá kan náà? Ẹnu wa wọhò. Ọmọ àbúrò bàbá wa ni, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn nílé wa?

Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé àdéhùn. Wọ́n to àwọn tó lè bá wa gbé síbẹ̀: ọkọ, aya, ọmọ, ọmọ-ọmọ, òbí, òbí àgbà, àti ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni. Ẹni tó bá kù, àlejò ni, oṣù kan péré ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé nìyẹn. A kọ lẹ́tà, a bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta sí i. Àbúrò wa gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé àlejò ni mí nílé yín." Kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New Jersey. A ti là á, a ti parí ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè, ẹ sọ fún wa pé àbúrò yín ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Bí fúláàtì náà bá wù yín, tí owó sì ká a, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àdéhùn, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n kà sí ará ilé. Bí àbúrò yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ. Òfin ìpínlẹ̀ New York náà ní ohun tó sọ lórí ẹni tí ayálégbé lè mú wọlé, ẹ bi lọ́yà yín.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ tiyín rèé: ẹ bi bàbá àti ìyá yín léèrè, mélòó ni àwọn tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, báwo sì ni wọ́n ṣe jẹ́ sí yín? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìwé àdéhùn lè má mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n.

Ilé á tura o. Ó dìgbà kan ná.