Ta Ni Ń Wọn Tírélà Tó Ń Kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Kò sí ará Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ ìró tiráńsífọ́mà. Bí iná bá dé lóru, kí ojú tó wá gílóòbù lọ, etí ti gbọ́ ọ láti orígun àdúgbò: hùn-ùn-ùn, bí agbo oyin tí wọ́n dé mọ́ inú àgbá. Irin ló ń dún bẹ́ẹ̀. Bí iná ṣe ń sọ irin inú tiráńsífọ́mà di òòfà tó sì ń tú u sílẹ̀, irin náà ń nà, ó sì ń súnkì, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìnà náà kò tó nǹkan tí ojú lè rí. Ọ̀pá irin tó gùn tó mítà kan kì í fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà gùn sí i.

James Joule, ọmọ apọntí kan nítòsí Manchester, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1842. Ní 1865, Emilio Villari, ará Ítálì, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní òdìkejì: bí a bá tẹ irin tó ní òòfà lára, òòfà inú rẹ̀ a yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá lè ka ìyípadà òòfà náà ti mọ bí ohun tó tẹ irin ọ̀hún ṣe wúwo tó. Irin fúnra rẹ̀ di òṣùwọ̀n.

Iléeṣẹ́ ASEA ní Swídìn sọ ìmọ̀ yìí di ohun èlò ní 1954, wọ́n pè é ní Pressductor: irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ojú ìwé, ihò mẹ́rin nínú rẹ̀, àti wáyà bàbà tí a wé gba inú àwọn ihò náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti tiráńsífọ́mà. Ilé ìrọrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, níbi tí ooru, omi àti ọ̀rá kì í ti í jẹ́ kí ohun ẹlẹgẹ́ pẹ́. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwáwí kan ti sú mi, pé ẹ̀rọ òṣùwọ̀n kò lè pẹ́ lójú ọ̀nà wa nítorí eruku àti òjò.

Ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn ni òpópónà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀. Tírélà sìmẹ́ǹtì, tánkà epo, ọkọ̀ agbégẹdú láti ìhà J4, típà olókùúta, gbogbo wọn ló ń gbà á tọ̀sán-tòru. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, fi hàn pé ìbàjẹ́ ọ̀nà kì í bá ìwúwo ẹrù dọ́gba. Ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì ni ká wò. Bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá kan bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ìwọ̀n lọ, ìbàjẹ́ tó ń ṣe a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 2. Bí ẹrù náà bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ a tó ìlọ́po 16. Awakọ̀ tó ní “díẹ̀ ni mo fi lé e” kò mọ ìṣirò, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n jù. Bọ́ọ̀sì tó kó èrò mẹ́rìnlá lọ sí Ọ̀rẹ̀ kò gbẹ́ kòtò kankan, ṣùgbọ́n inú kòtò náà ni táyà rẹ̀ ń kó sí.

Òfin kò wọ́n wa. Ní 2012, ECOWAS fẹnu kò lórí ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gun ọ̀nà náà láti Ṣàgámù dé Ọ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ rí tírélà lórí òṣùwọ̀n.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Ẹ wọ ọjà Òkè-Àjé, kí ẹ wo bí ẹni tó ń ra gààrí ṣe ń yẹ ìdí kóńgò wò, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Nítorí kóńgò kan! Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà ń wọn ọkọ̀ kó tó jáde, torí owó wọn ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tó sọ ìwúwo ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ta ló ti béèrè rẹ̀ rí lójú ọ̀nà?

Àwọn kan yóò ní bí ẹrù bá dín, sìmẹ́ǹtì yóò wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti ń san owó náà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti lọ́dọ̀ vọkanáísà. Wọn kò kàn kọ orúkọ sìmẹ́ǹtì sórí rìsíìtì ni.

Ìbẹ̀rù tèmi ni ẹni tí yóò dúró ti òṣùwọ̀n. Irin kì í gba rìbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka irin lè gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n gbé pátákó oníná ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwúwo rẹ̀ máa hàn sí gbogbo èrò, bí iye góòlù ṣe ń hàn ní pápá bọ́ọ̀lù.

A kò sì ní láti ra gbogbo rẹ̀ lókèèrè. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ọkọ̀ lóde òní kì í lo òòfà. Wáyà tín-ín-rín tí a lẹ̀ mọ́ irin ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ àti wáyà bàbà kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń tún tiráńsífọ́mà wé nílẹ̀ yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ti Abraham Adesanya Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu ọ̀nà ibi ìfọ́kùúta. Ibẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí típà tó gun títì rárá. Bí a bá dá èyí tó ti kún àkúnjù dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀, níbo la fẹ́ já òkúta náà sí?