Ẹ̀yin ará V8, ẹ fi Buick GNX sílẹ̀ o

Àtìgbà tí Kendrick Lamar ti gbé àwo GNX jáde ní November 2024 ni gbogbo yín ti di ọ̀gá mẹkáníìkì. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi lánàá, ó ní "V6 lásán ni, kì í ṣe muscle car gidi." Ẹ dákun, ta ló ń kọ́ yín nírú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà. Corvette 1987, V8, lítà 5.7: horsepower 240. Buick Grand National ọdún yẹn kan náà, V6, lítà 3.8: 245. GNX wá jẹ́ 276. General Motors ló sì ni gbogbo wọn o! Buick tí wọ́n ń pè ní mọ́tò àwọn bàbá àgbà.

Turbo ni àṣírí ẹ̀. Èéfín tí ì bá gba sàlẹ́ńsà jáde lásán ni wọ́n fi ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn á wá máa ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo náà lè pọ̀ sí i, agbára dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá kì mọ́ra máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi intercooler sí i ní 1986 kó máa tù ú. Ní 1984 tí kò tíì ní in, 200 ni horsepower ẹ̀. 1986, ó di 235. Ṣé wọ́n fi sílíńdà kankan kún un ni?

Ìwé ìròyìn Car and Driver gbé GNX lọ dán wò: láti òdo dé 60 máìlì, ìṣẹ́jú àáyá 4.7. Ní 1987!

Mi ò ní kí ẹ máa bọ ọ́ o. Ara ẹ̀ rí bíi páálí, drum ni bíréèkì ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá sì di kọ́nà, Corvette ni ọ̀gá ẹ̀. Ẹ bú u nítorí ìyẹn, màá bá yín bú u. (Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ dé ibi iṣẹ́ lónìí, ẹ má sọ pé mò ń polówó ọjà.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn èèyàn kan jókòó, wọ́n fi làákàyè sọ ẹ́ńjìnnì kékeré di ohun tó ń lé ńlá sẹ́yìn, ẹ wá fi "V6 lásán" nu gbogbo iṣẹ́ wọn nù. 547 GNX péré ni wọ́n ṣe, dúdú ni gbogbo ẹ̀. Regal tuntun tó dé ní 1988, táyà iwájú ló ń fà á. Ìyẹn gan-an lẹ bá lọ bú.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, kó gbé nọ́ńbà tiẹ̀ wá. Mo wà níbí.