Ẹ̀yìn Àgbà: Kì í Ṣe Gbogbo Ìrora Ni Jẹ̀díjẹ̀dí



Ní Gbọ̀ngán, títí dé Ìkirè àti Àpòmù, bí àgbàlagbà bá ń di ìbàdí mú kó tó lè dìde, orúkọ méjì la sábà máa ń fún àìsàn rẹ̀: jẹ̀díjẹ̀dí tàbí làkúrègbé. Bàbá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ ro oko kòkó, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé tẹ̀ lẹ́yìn tó gbé garawa omi, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Èrò tèmi ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń fi orúkọ wọ̀nyí bò mọ́lẹ̀, ó sì ń pa àwọn àgbà wa lára.

Èkíní ni ìrora fúnra rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò ní ìpalára kan pàtó tí a lè nàka sí.

Èkejì ni gbígbó ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn nǹkan rírọ̀ bí ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn máa ń gbẹ bí ọjọ́ orí ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí irun ti ń funfun. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 ṣe àkójọ àwòrán ẹ̀yìn àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nǹkan bí 37 nínú 100 àwọn ẹni ogún ọdún ni ìrọ̀rí ẹ̀yìn wọn ti ń gbó; láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tó 96. Nítorí náà, kí àwòrán má dẹ́rù ba àgbà.

Ẹ̀kẹta ló yẹ ká bẹ̀rù, nítorí kì í pariwo. Egungun lè máa fúyẹ́ nínú, pàápàá lára obìnrin tó ti dẹ́kun ṣíṣe nǹkan oṣù, kó má dùn ún rárá títí di ọjọ́ tí egungun náà yóò fọ́. Lóòótọ́, ìwádìí kan ní ìgbèríko Gáḿbíà, tó jáde ní 1996, rí i pé egungun àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò kún, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kó fọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àyè fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ba egungun jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa oníṣègùn nìyí. Àwọn ayédèrú kan ń lọ prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ àgúnmu, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé kíákíá ló ń pa làkúrègbé. Ara yóò fúyẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí a bá lò ó pẹ́, oògùn wọ̀nyí gan-an ló ń jẹ egungun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

A kì í dédé rúbọ láìdáfá. Kí ló wá dé tí a ó fi máa po àgbo láìwádìí? Bí ẹ̀yìn àgbà bá ṣàdédé ń dùn lẹ́yìn ìṣubú, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, bí kò bá lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, bó bá ń rù láìnídìí tàbí ibà ń ṣe é, kí babaláwo tètè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Gbọ̀ngán.

Ní ti àwọn yòókù, ìmọ̀ràn tí WHO gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 fara mọ́ eré ìmárale àti ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ara ẹni. Kò fara mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Kí àgbà má wulẹ̀ dùbúlẹ̀. Kó máa rìn, kó ṣe iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, kó máa jẹ wàrà, ewébẹ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, kó sì máa yá oòrùn.

Ẹ̀yìn yìí ni wọ́n fi pọ̀n wá. Ó yẹ kí a wádìí ohun tó ń ṣe é kí a tó fún un lóògùn. Kí ẹ̀yìn àwọn àgbà wa má ṣẹ́ o. Àṣẹ.