Orin Olórin Lẹ Ń Kọ, Ẹ Dárúkọ Ẹni Tó Ni Ín!

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í bá eléré ṣọ̀tá. Bí mo bá gbúròó gángan lóru, bó ti wù kí oorun dùn mọ́ mi tó, n óò dìde jókòó lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn eléré òde àríyá wa tí mi ò lè gbé mì mọ́. Wọ́n ń fi orin olórin jẹun, wọn kì í dárúkọ ẹni tó ni orin. Olè ni mo pè é. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ orin ẹlòmíràn. Ta ni kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá? Ebenezer Obey tí a ń pè ní Chief Commander, ó bá Fàtáì Rolling Dollar ṣeré kó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. King Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ eléré Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá aláwàdà tí gbogbo wa mọ̀, kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá sì gbọ́ Túndé Nightingale dáadáa yóò mọ ibi tí Sunny ti mú nǹkan nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí orin ṣe ń pẹ́ láyé nìyẹn. I.K. Dáírò kú ní oṣù Fẹ́búárì, 1996, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ orin rẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú. Àwọn eléré kéékèèké tí ń kọ ọ́ ni kò jẹ́ kó kú. Mo kí wọn fún un.

Ibi tó ti dùn mí ni mò ń bọ̀ yìí. Níbi ìnáwó òkú àgbà kan tí mo lọ láìpẹ́, àwa àgbàlagbà mẹ́fà la yí tábìlì kan ká. Bí eléré ti fọwọ́ kan orin Dáírò báyìí, ariwo ta lórí tábìlì wa. Ẹnì kan ní òun fojú òun rí Dáírò tó gbé àkọ́díọ̀nù kọ́ àyà, tí gbogbo èèyàn dìde lórí ìjókòó. Ẹnì kejì ní bí kì í bá ṣe Dáírò, ta ni ì bá mú àkọ́díọ̀nù wọnú jùjú? Ẹnì kẹta ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, kò sẹ́ni tó tó Obey láyé yìí. Bí ìjà Obey àti Sunny ṣe tún dé nìyẹn! A fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ síra wa láṣọ. Ẹ̀rín la fi parí ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi fóònù ká eré náà sílẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìgbádùn o. Orin tuntun tí àwọn bọ̀dá yìí gbé jáde mà dùn o!”

Mo ní, “Tuntun kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ?”

Ó ní, “Ẹ tẹ́tí sí i, sà. Wọ́n ń dárúkọ ara wọn nínú ẹ̀.”

Mo tẹ́tí. Òótọ́ ni. Ibi tí Dáírò ti pe orúkọ ara rẹ̀ nínú orin, ọ̀gá eléré yìí ti yọ ọ́ kúrò, ó ti fi tirẹ̀ dípò. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi hàn án ló rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Láyé tiwa yìí, gbangba òde ló ti ń fọn ọ́n, a tún ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí!

Mo ti bá àwọn eléré sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, mo sì mọ àwíjàre wọn. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní orin kò ní olówó, orin ìlú ni. Irọ́ ni. Orin tí àwọn ọmọdé ń kọ lábẹ́ òṣùpá ni orin ìlú, a ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Dáírò kì í ṣe ẹni àìmọ̀. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Èwo ni ti ìlú nínú ìyẹn? Àní nínú iṣẹ́ àtijọ́ pàápàá, oníjàlá kì í ṣíde eré láìjúbà. A júbà Ògún, a júbà àgbà, a sì júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ níjàlá. Àwọn tí kò mọ̀wé, tí kò rí rẹ́kọ́ọ̀dù sójú, mọ̀ pé ẹnu tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ọlọ́rọ̀. Àwa tó lajú ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ní àwọn tó wá jó kò wá kọ́ ìtàn. Háà! Ọ̀gá eléré kan náà tó fi wákàtí kan gbáko ki olówó tó nínáwó fún un, tó ki bàbá rẹ̀, tó ki ìyàwó rẹ̀, tó ki mọ́tò tó gbé wá sóde, òun ni kò ní èémí tó fi máa sọ pé, “Ti Dáírò rèé o”? Ìṣẹ́jú mélòó ni?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù: wọ́n á ní olórin ti kú, kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún òkú? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí. Òfin Copyright ilẹ̀ wa, ti 2022, fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀tọ́ pé kí a máa pe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí orin náà kì í bá a wọ sàréè. Ó di ìgbà tí 70 ọdún bá kọjá lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Ẹ bá mi ṣírò ti Dáírò: 1996, ẹ fi 70 kún un. Títí di òpin 2066 nìyẹn! Òkú kọ́ lẹ ń rẹ́ jẹ, ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀, àwọn kan ṣe é bó ṣe yẹ. Ní 2013, nígbà tí 2Face fẹ́ fọwọ́ kan orin Victor Ọláìyá tí a ń pè ní Baby Jowo, òun àti bàbá náà ni wọ́n jọ ṣe é. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ mọ ẹni tó ni orin kó tó di olóògbé ní 2020. Ìgbà tí Musiliu Ìṣọ̀lá gbé àpàlà dé padà, kò fi ara pamọ́ pé ti bàbá òun Hárúnà ni òun ń ṣe. Ǹjẹ́ ó dín iyì wọn kù? Ó bù kún un ni.

Ó wá ku àwa olólùfẹ́ orin. Àwa la ń háyà wọn, àwa la ń náwó fún wọn. A ti ń jà lórí Obey àti Sunny, Barrister àti Kollington, látìgbà tí irun wa ṣì dúdú. A lè sọ aṣọ tí olórin wọ̀ lọ́jọ́ báyìí ní ìlú báyìí. Ṣùgbọ́n àárín ara wa nìkan la ti ń sọ ọ́, orí tábìlì wa ló ń kú sí. Nígbà tí fíìmù Ayinla jáde ní 2021, mo rí ọmọ tí a bí ní ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, tó ń wá orin rẹ̀ káàkiri. Fíìmù ló dárúkọ rẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù nílé kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ṣèyàwó ọmọ, ẹ̀yin tó fẹ́ sìnkú òbí, bí ẹ bá ń san owó àsansílẹ̀ fún eléré, ẹ sọ fún un lójúkojú pé orin tí kì í bá ṣe tirẹ̀, kó sọ ti ẹni tó jẹ́. Bí ó bá kọ̀, òmíràn wà nígboro. Bí ẹ bá sì dìde láti lẹ owó mọ́ ọn lórí, ẹ kọ́kọ́ bi í létí: “Ta ló ni orin yìí?” Ẹ dúró gbọ́ èsì kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.