Ọ̀kẹ́ mẹ́fà: ẹ̀kọ́ fún àwa tí à ń pe ara wa ní kọ́múréèdì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kapitalísíìmù, ètò tí owó fi ń jọba lé ayé lórí, apá méjì la sábà máa ń pín sí. Àwọn kan láàárín wa á ní òyìnbó ló fi owó ba àṣà wa jẹ́, ká padà sí ìgbà àwọn baba wa. Àwọn kọ́múréèdì á ní rárá, àṣà gan-an ni wàhálà, ọba àti ìjòyè ni kò jẹ́ kí ojú mẹ̀kúnnù là. Lójú tiwa, apá méjèèjì ló ṣì í. Owó àgbáyé kò pa àṣà wa, ńṣe ló gbé e wọ̀ bí agbádá. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ agbádá náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ìlú mẹ́ta tí kò jìnnà síra wọn lápá òkè Òṣogbo. Reluwé tí ìjọba amúnisìn ń là bọ̀ láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀ffà, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Kì í ṣe torí ká lè máa kí ara wa ni wọ́n ṣe là á. Ohun ọ̀gbìn ni yóò kó lọ sí èbúté, ọjà òyìnbó ni yóò kó bọ̀. Owó orí tún dé, owó ìjọba la sì gbọ́dọ̀ fi san án. Ara kòkó lowó wà, igbó ńlá ni kòkó sì ń fẹ́. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ẹ̀bá ọ̀dàn ṣe lọ dá àbà sí igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó nìyẹn.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń san ìṣákọ́lẹ̀. Kí kòkó tó dé, ìṣákọ́lẹ̀ kò ju iṣu, epo tàbí ẹran ìgbẹ́ tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní olówó. Nígbà tí kòkó di owó, ìṣákọ́lẹ̀ di kòkó oníwọ̀n lọ́dọọdún. Orúkọ kò yí padà, ìdọ̀bálẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà báyìí. Ẹni tó pè é ní àṣà kò purọ́. Ẹni tó pè é ní ìrẹ́jẹ náà kò purọ́.

Àwọn èèyàn wa sì rí i. Karin Barber, tó gbé Òkukù láti kọ́ nípa oríkì, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1982 lórí eré orí ìtàgé Yorùbá nígbà owó epo. Ó fi hàn pé àwọn eré náà ń yin owó tó ti ọwọ́ iṣẹ́ wá, wọ́n sì ń bẹ̀rù owó òjijì tí a kò mọ orísun rẹ̀. Àríwísí kapitalísíìmù nìyẹn, láìdárúkọ Marx.

Ṣé a lè fi irú èdè bẹ́ẹ̀ jà? Àwọn kan ti ṣe é rí. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bù lé wọn. Ìjọba yìí kan náà ló ń dá iye lé kòkó wọn, tó sì ń jẹ èrè rẹ̀ lókè òkun. Agbẹ́kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn, Tafa Adéoyè sì wà lára olórí wọn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn yóò san. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000 owó ẹyọ, tí wọ́n ń kà sí ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ 30 ṣílè. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí arúgbó tó nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè.

A kò ní fi òkùnkùn bo ibi tó kù sí. Ìjà náà tàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún ní 1969. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́dún náà, owó orí wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń dá iye lé kòkó kò kúrò. Nígbà tí ìjọba pa àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó rẹ́ ní 1986, London àti New York ló kù tí ń dá iye. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là. Kò sí àgbẹ̀ kankan tí wọ́n bi léèrè nígbà tó lọ sókè, wọn kò sì ní bi í nígbà tó bá wálẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ìbínú abúlé nìkan kò tó. Ó nílò ẹgbẹ́ òṣèlú tó lè bá ọjà òkèèrè wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pín ìwé ìléwọ́ fún ìyá aláta ní Ìkìrun, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ni iṣẹ́ yìí kàn jù. Wọ́n máa ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí Yorùbá ṣe. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn pé a fẹ́ ṣàlàyé iye kòkó fún ẹni tó gbìn ín, láti orí ìṣákọ́lẹ̀ dé New York, kó tó pinnu fúnra rẹ̀ pé ọ̀kẹ́ mélòó ló tọ́ sí òun.