Àṣírí wàrà ti délé gbogbo èèyàn, ìwọ̀n ewé ló kù

Ẹni tó bá ń gba Mile 2 lọ sí Agbójú nírọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́sítákì, kò lè ṣàì rí obìnrin tó gbé báàfù wàrà rù. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á na owó jáde lójú fèrèsé mọ́tò, wọ́n á rà á, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í béèrè ni pé wàrà màálù ni àbí ti sóyà.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré o. Ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ dá méjèèjì mọ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti dín in, tí ata sì ti bò ó. Kò sóhun tó ṣe ti sóyà, oúnjẹ gidi ni. Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn wà lára àwọn tó kọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń fi sóyà ṣe oúnjẹ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Kí wọ́n wá ta á fún èèyàn lórúkọ màálù, ibẹ̀ ni jìbìtì wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà màálù gan-an kì í ṣe awo. Ìyá Fúlàní tó wà ní gáà lẹ́yìn Ìlọrin tàbí l'Ókè-Ògùn, mílíìkì tútù ló máa gbé kaná, iná ò sì ní í pọ̀. Á gún ewé bọ̀mùbọ̀mù, á fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, á sẹ́ ẹ, á da omi ẹ̀ sínú ìkòkò. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni mílíìkì á máa dì, tí omi á ya sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ló máa bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kó lè ro, àpá apẹ̀rẹ̀ ọ̀hún lẹ sì ń rí lára wàrà lọ́jà. Ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ń dúró ti ìyá ẹ̀ nídìí iná lè ròyìn ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ní àwọn mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Ọ̀rẹ́ á sọ fún ọ̀rẹ́, ará ṣọ́ọ̀ṣì á sọ fún aládùúgbò, ó dé inú ilé ìdáná àwọn ìyàwó ilé tó wà ní fúláàtì tíjọba kọ́ fún àwọn àlejò FESTAC ọdún 1977. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé nìkan ni wọ́n ń sọ fúnra wọn, wọn kì í sọ ìwọ̀n ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé tó ní májèlé ni. Oje funfun ara ẹ̀ lè ba ọkàn èèyàn jẹ́ tó bá pọ̀ lára, tó bá ta sójú, ojú á ṣú. Tó bá pọ̀ jù nínú ìkòkò, wàrà á korò. Ẹ wá bi ìyá Fúlàní pé ewé mélòó ló ń lò, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ló máa ṣí hàn yín. Ta ló ní irú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin? Ẹni tí kò bá tíì dúró ti onítọ̀hún rí, kó yáa lo ọsàn wẹ́wẹ́. Á mú mílíìkì dì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé á kan díẹ̀.

Mílíìkì gan-an wá ni wàhálà. Màálù funfun àwọn Fúlàní, tọ́mọ ẹ̀ bá mu tiẹ̀ tán, bíi lítà kan sí méjì ló máa ń kù lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ kílò wàrà kan ń gba bíi lítà márùn-ún. Látọdún 2021 tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti fọwọ́ sí òfin pé màálù ò gbọdọ̀ jẹ̀ kiri l'Ékòó, ẹni tó bá fẹ́ mílíìkì tútù ní Fẹ́sítákì mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Owó mílíìkì yẹn, owó obìnrin ni nílé Fúlàní, ọkọ ló ni màálù, ìyàwó ló ń ta mílíìkì. Gbogbo wàrà sóyà tí wọ́n bá sì pè ní ti màálù, ọjà ẹni yẹn ni wọ́n ń bà jẹ́.

Ọ̀nà Badagry kan náà tó gba ẹ̀gbẹ́ Fẹ́sítákì ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tó wọ ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń pe wàrà ní wagasi. Ewé kan náà làwọn náà ń lò, àmọ́ wọ́n máa ń fi èèpo ewé ọkà bàbà sè é kó lè pupa, wọ́n á sá a sóòrùn kó lè pẹ́, wọ́n á sì fi í sínú ọbẹ̀ dípò ẹran. L'Ékòó, funfun la ń jẹ ẹ́, lójú ẹsẹ̀ sì ni. Oníwàrà tó bá jẹ́ ti màálù ló gbé, inú ẹ̀ á dùn tẹ́ ẹ bá bi í, torí ó mọye tó ra mílíìkì. Èyí tó bá fajú ro, tó ní ṣé ẹ ò mọ wàrà ni, ẹ jẹ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ.