Ọlọ́pàá Tí Ó Di Olùkọ́

Àwọn ará Àpẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omíyalé gbé afárá wọn lọ. Ará ìhín ń wo ará ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àtikọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí láàárín wa. Olú-iṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Eléyele kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, síbẹ̀ ẹni tí ó ń mú ọ̀daràn àti ẹni tí ó ń kọ́ni nípa ọ̀daràn kì í sábà jókòó pọ̀. Èrò tèmi ni pé ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó yẹ kí ó jẹ́ afárá náà.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 wí pé ọlọ́pàá yóò fẹ̀yìn tì bí ó bá sìn fún ọdún 35, tàbí bí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ ní ọmọ 20 ọdún yóò kúrò ní ọmọ 55, nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti gbọ́ ẹkún ẹni tí a jà lólè; ó ti dúró níwájú adájọ́, agbẹjọ́rò sì ti da ìbéèrè bò ó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àwọn kan yóò wí pé, ‘Ẹni tí ó ti ń fi kóńdó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ wa?’ Ẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ta ni kò tíì gbọ́ pé a mú ìyá nítorí pé a kò rí ọmọ rẹ̀? Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sì kọ̀ pé kí a mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a ń wá.

Nítorí náà, kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó dúró gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. August Vollmer, tí ó di olórí ọlọ́pàá ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1909, kò kàwé púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìmọ̀ kiri, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá rẹ̀, ó sì lòdì sí lílu ẹni tí a fura sí kí ó lè jẹ́wọ́. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1932, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì.

Ohun kan ṣì kù tí ó ju ìwé lọ. Kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè wí láìfi bò pé, ‘Báyìí ni a ṣe nígbà náà, a kò sì ṣe dáradára.’ Ẹni tí ó bá ń fi ọjọ́ àtijọ́ yangàn, ìtàn lásán ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá lè fi àṣìṣe ara rẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, irú rẹ̀ ni kí a pè wọlé, kí a sì fún un ní ẹfun ìkọ̀wé.